Fóònù rẹ kọ́ ló ṣẹ̀: ìdáhùn fún olùkọ́ tó fẹ́ fi awò awọ̀nàjíjìn ya ẹyẹ l'Óṣogbo

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ni mí, Òkè-Baálẹ̀ ni mò ń gbé. Mo fi owó àjọ mi ra awò awọ̀nàjíjìn kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, torí mo fẹ́ máa ya àwọn ẹyẹ etí odò Ọ̀ṣun. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pé ó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 525. Gíláàsì iwájú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 70, wọ́n kọ 700 sára rẹ̀ pẹ̀lú. Gíláàsì ojú mẹ́ta ló bá a wá, 25, 10 àti 4, àti kinní kékeré kan tí wọ́n kọ 3x sí. Mo fi rọ́bà de fóònù mi mọ́ ọn. Gbogbo fọ́tò tí mo yà ló ṣókùnkùn, ó rí bàìbàì, òbìrìkìtì dúdú yí i ká, ẹyẹ tún dorí kodò. Ẹnìkan ní fóònù mi ni kò dáa, kí n lọ ra iPhone. Ẹlòmíì ní kí n ta awò náà, kí n máa wá owó kámẹ́rà ńlá. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?”

Àbúrò mi, mo ka ìwé rẹ lẹ́ẹ̀mejì. Owó àjọ kì í ṣe owó tí èèyàn ń fi ṣeré, mo sì mọ bó ṣe máa ń rí lára kí èèyàn jí dé etí odò, kí ẹyẹ bà síwájú rẹ̀, kó yà á, kó wá délé kó bá òkùnkùn nínú fóònù. Fọ́tò ìgbéyàwó àti ti ìkómọjáde ni mo fi ń jẹun, ó sì ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń fi awò ya ẹyẹ ní Òṣogbo àti agbègbè rẹ̀. Kí ọkàn rẹ kọ́kọ́ balẹ̀: fóònù rẹ kọ́ ló ṣẹ̀, má sì tíì ta awò yẹn. Òkùnkùn, òbìrìkìtì dúdú àti ìdoríkodò, a lè wá nǹkan ṣe sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìná owó púpọ̀. Bàìbàì yẹn ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn, torí apá kan rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ, apá kan wà lọ́wọ́ gíláàsì, apá kan sì wà lọ́wọ́ afẹ́fẹ́ tí kò sẹ́ni tó lè pàṣẹ fún.

Nọ́ńbà 525 tó wà lára páálí yẹn ni ìdí ọ̀rọ̀. Ìṣirò rẹ̀ kì í ṣe irọ́, àmọ́ kò sí iṣẹ́ tó lè bá ọ ṣe. Bí a ṣe ń mọ̀ ọ́n nìyí: mú 700 tó wà lára awò, kí o fi nọ́ńbà ara gíláàsì ojú pín in. Èyí tí wọ́n kọ 25 sí á fún ọ ní ìlọ́po 28, ti 10 á fún ọ ní 70, ti 4 á fún ọ ní 175. Bí o bá wá ki kinní 3x yẹn bọ àárín, 175 á di 525. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i. Ṣùgbọ́n gíláàsì iwájú tó ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé kò yí padà, mìlímítà 70 náà ló ṣì jẹ́. Ìmọ́lẹ̀ tó wọlé kò pọ̀ sí i, ńṣe lo kàn ń tẹ́ ẹ fẹ̀. Bí o bá fi ṣíbí epo kan se àsáró ẹnì kan, á pọ́n dáadáa. Bí o bá fi ṣíbí epo kan náà se àsáró gbogbo agbo ilé, funfun báláú ni wàá bá a. Láti ìlọ́po 28 dé 525, ìmọ́lẹ̀ ojú àwòrán náà dín kù ní nǹkan bí ìlọ́po 350. Kò sí fóònù tó lè rí nǹkan gidi níbẹ̀, ì báà jẹ́ èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde lónìí.

O lè fi ojú ara rẹ rí ohun tí mò ń sọ. Dojú awò náà kọ ojú ọ̀run tó mọ́, níbi tí oòrùn kò sí rárá, fi gíláàsì ojú 25 sí i, kí o wá fà sẹ́yìn tó gígùn apá kan. Wàá rí àmì ìmọ́lẹ̀ róbótó kan láàárín gíláàsì ojú náà, ó rí bí ìlẹ̀kẹ̀ funfun kékeré. Inú òbìrìkìtì yẹn ni gbogbo ìmọ́lẹ̀ ń gbà jáde. Ní ìlọ́po 28, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà méjì àbọ̀, èyí tó tó ojú ihò kámẹ́rà ọ̀pọ̀ fóònù. Yí i sí 10, á di mìlímítà kan péré. Ní 525, kò tó ìdá kan nínú méje mìlímítà, bí ẹnu abẹ́rẹ́. Torí náà, gíláàsì ojú 25 nìkan ni kí o máa fi ya ẹyẹ. Tọ́jú ti 10 fún òṣùpá, kí o fi ti 4 àti kinní 3x yẹn pa mọ́ sínú páálí. Àwọn tó mọ̀ nípa awò ní ìwọ̀n kan tí wọ́n ń lò: ìlọ́po méjì mìlímítà gíláàsì iwájú ni òpin ohun tí awò lè gbé, èyí tó túmọ̀ sí 140 fún tìrẹ. Ìyẹn náà, alẹ́ tí ojú ọ̀run mọ́ tónítóní tí afẹ́fẹ́ sì dúró jẹ́ẹ́ ni. Lójú ọ̀sán, nínú afẹ́fẹ́ tiwa, èmi kì í kọjá 40.

Má ṣe rò pé 28 kéré. Kámẹ́rà ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ fóònù ń wo ayé bí lẹ́ǹsì mìlímítà 26 ṣe ń wò ó lórí kámẹ́rà ńlá. Sọ 26 di ìlọ́po 28, ó di 728. Lẹ́ǹsì 600 ni púpọ̀ nínú àwọn tó ń ya ẹyẹ jẹun ń gbé kọ́ ọrùn káàkiri ayé, owó rẹ̀ sì tó owó ọkọ̀. Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ gùn ju tiwọn lọ. Tiwọn gba ìmọ́lẹ̀ ju tìrẹ, gíláàsì wọn dára ju tìrẹ, ó sì yára ju tìrẹ, èmi kò ní purọ́ fún ọ lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n gígùn kọ́ ni ìṣòro rẹ. Ohun tí o ń ṣe yìí sì ní orúkọ lágbàáyé, digiscoping ni wọ́n ń pè é. Laurence Poh, olùfẹ́ ẹyẹ kan ní Màlèṣíà, ni ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ó la ọ̀nà rẹ̀ lọ́dún 1999, nígbà tó gbé kámẹ́rà kékeré sẹ́nu awò tó fi ń wo ẹyẹ. Èyí tó yẹ kí o fi sọ́kàn ni pé awò ẹyẹ ni ó lò, awò ìràwọ̀ sì ni wọ́n tà fún ọ.

Ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì ló mú kí ẹyẹ rẹ dorí kodò. Ìràwọ̀ kò ní orí, kò ní ẹsẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bínú bí ó bá yí padà, nítorí náà àwọn tó ń ṣe awò ìràwọ̀ kì í dààmú ara wọn láti dá àwòrán padà sípò. Awò ẹyẹ ní gíláàsì onígun kan nínú tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Wo inú páálí rẹ dáadáa, ó ṣeé ṣe kí o rí ìgbọ̀nwọ́ kékeré kan tí dígí wà nínú rẹ̀. Bí o bá fi í sí àárín awò àti gíláàsì ojú, ẹyẹ á dìde dúró, àmọ́ apá ọ̀tún á di apá òsì. Ó dáa bẹ́ẹ̀ fún ìbẹ̀rẹ̀. Nínú fóònù, níbi tí a ti ń tún fọ́tò ṣe, o lè yí èyí tó dorí kodò po, o sì lè pa èyí tí ọ̀tún rẹ̀ di òsì dà bí ìgbà tí a ń ṣí ojú ewé ìwé. Ìgbọ̀nwọ́ mìíràn wà tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀, èyí tí gíláàsì onígun wà nínú rẹ̀ dípò dígí, òun ló ń tún gbogbo rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Bí owó bá yọ lọ́jọ́ iwájú, òun ni kí o kọ́kọ́ rà.

Ó ku òbìrìkìtì dúdú. Rọ́bà tí o fi de fóònù ló fà á. Ojú kámẹ́rà fóònù gbọ́dọ̀ wà ní ọ̀gangan àmì ìmọ́lẹ̀ tí mo ní kí o wò yẹn, kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ gíláàsì jù, kò sì gbọ́dọ̀ jìnnà jù. Mìlímítà méjì péré tó yẹ̀ sápá kan ti tó láti jẹ́ kí òkùnkùn gba ìdajì fọ́tò. Rọ́bà kò lè mú un dúró. Wọ́n ń ta ohun ìdè oníke fún un lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò wọ́n jù, ṣùgbọ́n èyí tí mo lò fún ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́, ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é. Mo ra ìdérí páìpù omi lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ohun èlò púlọ́ńbà, èyí tó wọ orí gíláàsì ojú mi ṣìnkún. Mo lu ihò róbótó sí àárín rẹ̀. Mo wá ra pouch ike tó bá fóònù mi mu, mo fi gọ́ọ̀mù líle lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdérí náà, kí ojú kámẹ́rà lè wo inú ihò yẹn gan-an. Kí gọ́ọ̀mù tó gbẹ, mo tan kámẹ́rà, mo ń yí i díẹ̀díẹ̀ títí òbìrìkìtì funfun fi dúró sí àárín. Fóòmù tí mo gé lára sìlípáàsì àtijọ́ ni mo fi dí àyè tó ṣẹ́kù nínú ìdérí kó má baà mì. Bí fóònù rẹ bá ní ojú kámẹ́rà méjì tàbí mẹ́ta, èyí tó ń ya fọ́tò lásán ní 1x ni kí o lò, kí o sì ṣọ́ra, torí àwọn fóònù kan máa ń fo láti ojú kan sí èkejì láìsọ fún ọ. Fi ìka bo àwọn yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan kí o mọ èyí tó ń ṣiṣẹ́. Bí òkùnkùn díẹ̀ bá ṣẹ́kù létí, fi ìka fẹ àwòrán náà sí 1.5x, á lọ.

Ní báyìí, bàìbàì. Ohun àkọ́kọ́ tó ń fà á ni ìmì. Bí awò bá sọ ẹyẹ di ńlá ní ìlọ́po 28, ó sọ ìmì ọwọ́ rẹ náà di ńlá ní ìlọ́po 28. Ẹsẹ̀ mẹ́ta tó bá irú awò rẹ wá máa ń fẹ́lẹ́ bí igi àtẹ aláta, o sì ti gbé fóònù kún ẹrù rẹ̀. Má fa ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn. Jókòó sórí àpótí, jẹ́ kí ó kúrú, kí o sì so àpò tí o di iyanrìn sí mọ́ àárín rẹ̀ kó lè wúwo. Má fọwọ́ kan fóònù nígbà tó bá ń yà. Ṣètò rẹ̀ kó ka ìṣẹ́jú-àáyá méjì kó tó yà, tàbí kí o ki okùn etí bọ̀ ọ́, bọ́tìnì tó ń gbé ohùn sókè lára okùn náà lè ya fọ́tò lórí ọ̀pọ̀ fóònù. Nínú Igbó Ọ̀ṣun, má ṣe gbé e ka orí afárá tó so rọ̀ lórí odò. Ibẹ̀ ń wuni torí ó ń fi gbogbo odò hàn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ẹnì kan tó ń bọ̀ láti òdìkejì ti tó láti ba iṣẹ́ rẹ jẹ́.

Ohun kejì ni ìríran, ìyẹn mímú kí àwòrán mọ́ kedere. Fóònù máa ń rò pé òun mọ ohun tí o fẹ́, á máa wá ohun tó máa wò kiri, nígbà tó sì jẹ́ pé nọ́ọ̀bù tí a ń yí lára awò ni ìríran wà lọ́wọ́ rẹ̀. Tẹ ojú fóònù níbi tí ẹyẹ wà, má gbé ìka kúrò títí yóò fi sọ fún ọ pé òun ti tì í pa. Láti ìgbà yẹn, nọ́ọ̀bù awò nìkan ni kí o máa yí, díẹ̀díẹ̀, kọjá ibi tó mọ́, kí o wá padà sí i. Ojú ẹyẹ ni kí o máa wò. Bí ojú bá mọ́, tí o rí àmì ìmọ́lẹ̀ bíńtín nínú rẹ̀, ìyókù ara á tẹ̀ lé e. Bí fóònù rẹ bá ní ibi tí èèyàn ti lè fi ọwọ́ ṣètò rẹ̀, má jẹ́ kí àkókò tí kámẹ́rà fi ń gba ìmọ́lẹ̀ fọ́tò kan pẹ́ ju ìdá kan nínú 250 ìṣẹ́jú-àáyá lọ fún ẹyẹ tó dúró. Ẹyẹ tó ń fò, gbàgbé rẹ̀. Awò yìí kò lè bá a, àní èmi náà kì í gbìyànjú rẹ̀.

Jẹ́ kí n fi lékèélékèé ṣe àpẹẹrẹ, torí òun ni mo gbà ọ́ nímọ̀ràn pé kí o fi kọ́ṣẹ́. Kì í sá jìnnà, ibi tí màlúù bá ti ń jẹko ni wàá ti rí i, ìrìn rẹ̀ sì ní ìlànà: á gbé ẹsẹ̀ kan, á dúró, á fa ọrùn síwájú, ọrùn náà á máa mì lọ mì bọ̀ nígbà tí orí dúró gbagidi, lẹ́yìn náà ẹnu rẹ̀ á ti dé ilẹ̀, á sì gbé tata. Ìgbà tí orí dúró yẹn ni kí o yà á. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ti sọ ọ́, lékèélékèé ló lẹfun. Funfun rẹ̀ máa ń tan fóònù jẹ. Fóònù á rí koríko dúdú tó yí i ká, á fẹ́ tan ìmọ́lẹ̀ sí gbogbo rẹ̀, lékèélékèé á wá di bébà funfun tí kò ní ìyẹ́ kankan lára. Lẹ́yìn tí o bá ti ti ìríran pa, fa àmì oòrùn kékeré tó yọ lójú fóònù wá sísàlẹ̀ títí koríko yóò fi ṣókùnkùn díẹ̀. Ìgbà náà ni wàá rí ìlà ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan, bí o bá sì bá a lákòókò tó ń wá ẹnìkejì, wàá rí àwọ̀ pupa rúsúrúsú tó máa ń hù sí orí, àyà àti ẹ̀yìn rẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò kíyè sí láyé wọn torí pé ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti ń wò ó.

Ohun kẹta ni afẹ́fẹ́, òun gan-an ni kò yé ọ̀pọ̀ èèyàn. O ti rí títì Gbọ̀ngán lọ́sàn-án, bí ooru ṣe máa ń jó lórí ọ̀dà bí ẹni pé omi wà níbẹ̀. Ilẹ̀ tó gbóná ń mú afẹ́fẹ́ orí rẹ̀ gbóná, afẹ́fẹ́ gbígbóná ń gòkè, tútù ń sọ̀ kalẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tó bá ń gba àárín wọn kọjá á máa wọ́ sọ́tùn-ún sósì. Ojú lásán kò rí i ju lórí títì lọ, ṣùgbọ́n awò ń sọ òun náà di ńlá ní ìlọ́po 28. Mo ti rí ẹni tó lo awò olówó ńlá láago kan ọ̀sán, tó ń ya ẹyẹ tó wà lókè odò tó jìnnà, gbogbo ìyẹ́ rẹ̀ sì rí bí ohun tí wọ́n fi ọwọ́ pa. Kò sí gíláàsì tó ń wo àrùn yìí sàn. Oògùn rẹ̀ ni kí o dé ibẹ̀ kí oòrùn tó là, kí o ya títí di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, kí o sì dín afẹ́fẹ́ tó wà láàárín ìwọ àti ẹyẹ kù. Ní tèmi, mítà 15 sí 40 ló dára jù. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń ra awò kí wọ́n má baà sún mọ́ ẹyẹ, àwọn tí fọ́tò wọn dára sì ni àwọn tó sún mọ́ ọn kí wọ́n tó gbé awò sílẹ̀. Jókòó síbi kan, má wọ aṣọ tó ń tàn, má dìde fún ìdajì wákàtí. Ẹyẹ fúnra rẹ̀ ló máa wá.

Ìgbà ọyẹ́ ní tirẹ̀ tún yàtọ̀. Láti oṣù Kejìlá dé oṣù Kejì, eruku aṣálẹ̀ máa ń bo ojú ọ̀run, ohun tó kọjá mítà 50 á rí bí ẹni pé a ta á ní eérú. Ní àsìkò yẹn, ẹyẹ tó wà nítòsí nìkan ni mo ń yà, mo sì máa ń gbé àwọ̀ rẹ̀ sókè díẹ̀ nínú fóònù lẹ́yìn náà. Àárọ̀ ọjọ́ tí òjò rọ̀ mọ́jú ló dára jù lọ nínú ọdún. Òjò á ti fọ afẹ́fẹ́, ewé á máa dán, ẹyẹ á jáde wá sá ara wọn. Òkè igi etí odò ni kí o máa wò nígbà yẹn, kì í ṣe inú igbó. Abẹ́ igi nínú Igbó Ọ̀ṣun ṣókùnkùn ju bí ojú rẹ ti rò lọ, fóònù á máa tiraka, àwòrán á sì kún fún èérún bí gàrí.

Gíláàsì fúnra rẹ̀ ní ààlà rẹ̀, mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Lára ẹ̀ka tó wà níwájú ojú ọ̀run tó funfun, wàá rí ìlà bí àwọ̀ àlùkò létí, nígbà mìíràn ìlà àwọ̀ ewé lódìkejì. Ohun tó fà á ni pé gíláàsì lásán kì í kó gbogbo àwọ̀ jọ sójú kan náà. Awò tí wọ́n kọ ED sí lára ní gíláàsì àkànṣe tó ń dín in kù, owó rẹ̀ sì ga. Pẹ̀lú tìrẹ, yan ẹyẹ tí ewé tàbí omi wà lẹ́yìn rẹ̀ dípò ojú ọ̀run, ìlà yẹn á fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Mo ti fi awò olówó kékeré ya fọ́tò agbe tó wà lára ògiri yàrá mi báyìí. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ tóbi ju bébà ìwé kékeré lọ, àṣírí á tú, ṣùgbọ́n ní ìwọ̀n tó wà yìí, kò sẹ́ni tó wọlé tí kì í dúró wò ó.

Ní ti ìmọ̀ràn àwọn méjèèjì, iPhone tuntun á fún ọ ní àwọ̀ tó dùn sí i àti òkùnkùn tó dín díẹ̀, kò ní yanjú ìmì, kò ní yanjú ooru. Má ná owó rẹ síbẹ̀. Ẹni tó ní kí o ra kámẹ́rà ńlá kò purọ́, bó bá jẹ́ àṣá tó ń fò tàbí ẹ̀gà tó ń sáré wọ ìtẹ́ ni ọkàn rẹ fà sí, òun nìkan ló lè ṣe é. Àmọ́ kámẹ́rà láìsí lẹ́ǹsì gígùn kò wúlò fún ẹyẹ, lẹ́ǹsì yẹn sì ni owó wà. Àárín àwọn méjèèjì ni kámẹ́rà kan wà tí lẹ́ǹsì rẹ̀ kò ṣeé yọ, tó ń súùmù jìnnà gan-an. Àlòkù rẹ̀ máa ń wá sọ́jà, mo sì mọrírì rẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ máa rìn. Awò ẹyẹ gidi, ti mìlímítà 60 tàbí 80, ni èmi fúnra mi yàn nígbà tí mo rí owó, torí pé mo fẹ́ràn láti wo ẹyẹ pẹ́ ju kí n yà á lọ. Lo tìrẹ fún òjò kan àti ẹ̀ẹ̀rùn kan ná. Nígbà náà, ohun tó ń dí ọ lọ́wọ́ gan-an á ti hàn sí ọ, wàá sì mọ èyí tó yẹ kí o rà.

Ọ̀rọ̀ kan ṣe pàtàkì ju gbogbo ìyẹn lọ. Má ṣe dojú awò yìí kọ oòrùn láé, ì báà jẹ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá kan, ì báà jẹ́ pé ẹyẹ ló fò gba ibẹ̀. Ojú tó bá wà níbẹ̀ á fọ́, kò sì ní padà bọ̀ sípò. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ bá fẹ́ wò ó, dúró tì wọ́n. Igbó Ọ̀ṣun ní òfin tirẹ̀: wọn kì í dẹ ìgbẹ́ níbẹ̀, wọn kì í pẹja níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹyẹ fi ṣẹ́kù síbẹ̀ láàárín ìlú, tí UNESCO sì fi kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé lọ́dún 2005. Sọ ohun tí o wá ṣe lẹ́nu ọ̀nà, bi wọ́n léèrè ohun tó yẹ kí o san fún kámẹ́rà, má sì ya ojúbọ tàbí ẹni tó ń bọ láìtọrọ àyè. Ní ìgboro, bí àwọn èèyàn bá bi ọ́ pé kí lò ń yọ́ wò, jẹ́ kí wọ́n wá wò ó. Ìyá àgbà kan tó ń ta ẹ̀kọ lẹ́bàá odò fẹ́ lé mi lọ́jọ́ kan. Mo ní kí wọ́n wá fi ojú sí i. Igún tó wà lórí igi ni wọ́n rí, wọ́n dákẹ́ pẹ́, wọ́n wá ní, “Ó mà ní ìpéǹpéjú!” Láti ọjọ́ náà, àwọn ló ń sọ ibi tí ẹyẹ bà sí fún mi.

Igún yẹn mú mi rántí ohun tí fọ́tò rẹ lè ṣe. Láti ọdún 2015 ni IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìdáàbòbò ẹ̀dá, ti ka irú igún tiwa mọ́ àwọn ẹyẹ tó wà létí ìparun. Odídẹrẹ́ náà wà nínú ewu. Bí o bá rí ìtẹ́ èyíkéyìí nínú wọn, má sọ ibi tó wà fún gbogbo ayé, má sì sún mọ́ ọn títí ìyá á fi fi ẹyin sílẹ̀. Ṣùgbọ́n fọ́tò tó ní ọjọ́ àti ibi tí a ti yà á, kódà kó rí bàìbàì, àwọn onímọ̀ ẹyẹ ń lò ó. Iṣẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Nigerian Bird Atlas Project, láti ọdún 2015 ni àwọn olùfẹ́ ẹyẹ lásán ti ń kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀ fún un, ibi dé ibi, káàkiri Nàìjíríà. Ìbátan ẹ̀gà kan sì wà, orí àti àyà rẹ̀ pupa, ara rẹ̀ dúdú, tí wọ́n ń pè ní Ibadan Malimbe. Ọdún 1958 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ìmọ̀, ìhà ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà nìkan ló sì wà ní gbogbo ayé. Ó ní ìbátan mìíràn tó jọ ọ́ gan-an. Bí ẹnìkan bá ní òun rí i, fọ́tò ló máa parí àríyànjiyàn, fọ́tò yẹn kò sì ní láti rẹwà.

Ní ìparí, tọ́jú gíláàsì rẹ. Nígbà òjò, ọ̀rinrin máa ń mú kí olú hù sínú gíláàsì, á rí bí okùn aláǹtakùn. Mo pàdánù lẹ́ǹsì kan bẹ́ẹ̀ nítorí pé mo tì í sínú àpò awọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún oṣù mẹ́rin. Kó tìrẹ sínú ike onídèérí tó dé pinpin, pẹ̀lú àwọn sásẹ́ẹ̀tì kékeré tó ń fa omi tí wọ́n máa ń bá nínú páálí bàtà, má sì nu eruku ọyẹ́ pẹ̀lú aṣọ gbígbẹ. Fẹ́ ẹ dànù ná, kí o tó nù ún.

Ní Sátidé tó ń bọ̀, fi gíláàsì ojú 25 sí i, gbé àpótí ìjókòó àti àpò iyanrìn dání, kí o sì wá lékèélékèé kan láàárín aago méje sí mẹ́sàn-án. Ya ogójì, yan mẹ́ta, fi wọ́n ránṣẹ́ sí mi. Kọ aago tí o yà wọ́n sí i àti bí o ṣe jìnnà sí ẹyẹ náà tó, kí n lè mọ ohun tó kù.